Àtijọ́ Ta Ni? Ìgbéyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ìtàn Ibi Àríyá ní Èkó

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra ìwé tuntun kan fún ètò ìgbéyàwó rẹ̀. Lójú ewé kìíní, ó kọ ọjọ́ sí i. Lójú ewé kejì, ó kọ iye àlejò: igba ó lé àádọ́ta. Lójú ewé kẹta, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì péré, ó sì fa ìlà sí wọn nídìí: Ayé Àtijọ́. Ohun tó ń fẹ́ ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí ilé ìgbà àwọn bàbá wa: rédíò onígi, gramafóònù, fìtílà, àwòrán dúdú àti funfun lára ògiri, àti mọ́tò Volkswagen, èyí tí a ń pè ní ìjàpá, lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n bá òun wá àwọn àwòrán náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá wa àgbà jókòó nítòsí ilẹ̀kùn pálọ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn kò gbójú sókè, wọ́n kàn béèrè pé, "Àtijọ́ ta ni?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní SS2, mo sì ti mọ̀ pé ìbéèrè tó kúrú kì í rọrùn láti dáhùn. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ bí ìbéèrè náà ṣe gbé wa láti Ìkòsì lọ sí Ẹ̀búté-Mẹ́ta àti Erékùṣù Èkó, àti ohun tó yí padà nínú ìwé ẹ̀gbọ́n mi.

Alásè ni Ìyá àgbà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi se oúnjẹ òde ní Kétu, Òjòtá àti Ìkòsì kí orúnkún tó dá wọn dúró. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìnáwó Èkó, ọjà Máìlì 12 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni tòmátò, tàtàsé, ata rodo, àlùbọ́sà àti iṣu ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ akẹ́rù tó ti Òkè Ọya wá. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ lọ́nà, ọbẹ̀ ìyàwó yóò pẹ́ lórí iná. Àwa ọmọ ilé ìwé tiẹ̀ máa ń fi orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa ṣeré pé, Kòsọ́fẹ́, kò sí ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá ń ṣètò ìgbéyàwó mọ̀ pé òótọ́ wà nínú àwàdà náà.

Ìyá àgbà sọ fún mi pé nígbà tí àwọn kó dé Ìkòsì lọ́dún 1976, àwọn kò mọ ẹnì kan ládùúgbò tó ń yá gbọ̀ngàn. Iwájú ilé ni gbọ̀ngàn. Bí iwájú ilé kò bá gba èrò, títì ni. Ètò wà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá ku oṣù mẹ́ta, wọ́n á ti pín aṣọ ẹbí kí kálukú lè rówó rẹ̀ san díẹ̀díẹ̀. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá ìyàwó á lọ bá àwọn onílé tó wà ní títì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á bẹ̀ wọ́n pé ariwo ń bọ̀. Àga á wá láti ṣọ́ọ̀ṣì àti láti ilé ìwé. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn obìnrin àdúgbò á pé jọ láti ṣa ìrẹsì. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á pa màlúù, wọ́n á sì dá iná igi. Ẹni tó bá yá ọ ní ìkòkò lónìí, ìwọ náà á yá a lọ́la. Ìyá àgbà kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n títí di òní wọ́n lè ka orúkọ gbogbo ẹni tó gbé ìkòkò wá síbi ìkómọjáde bàbá mi.

Ìgbà náà ni owó dé. Lọ́dún 1973 ni náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba ẹ̀kúnwó tí ìgbìmọ̀ Údojì dábàá rẹ̀, owó epo rọ̀bì sì ń wọlé. Ìnáwó wá gbòòrò. Ebenezer Obey àti Sunny Adé ń kọ jùjú títí ilẹ̀ fi ń mọ́, wọ́n ń fi orúkọ àwọn olówó sínú orin, àwọn èèyàn sì ń lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí. Ibi tí ayẹyẹ bá ti tóbi báyẹn ni a ń pè ní ọ̀wàńbẹ̀, nítorí pé gbogbo ohun tí ojú ń wá ló wà níbẹ̀. Lónìí, òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ń ná owó lé èèyàn lórí níbi àríyá lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lọ sí òde ní Èkó mọ̀ bóyá àṣà náà ti dúró.

Èyí ni àtijọ́ tí Ìyá àgbà mọ̀. Kò sí gramafóònù nínú rẹ̀. Èéfín ló pọ̀ níbẹ̀.

Ní oṣù kẹta, ẹ̀gbọ́n mi ní ká lọ wo Jaekel House ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, nínú ọgbà iléeṣẹ́ rélùwéè. Àwọn tọkọtaya máa ń ya àwòrán níbẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń ṣe àpèjẹ nínú ọgbà rẹ̀. Ìyá àgbà ní àwọn máa bá wa lọ. Ó yà wá lẹ́nu, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rìn kọjá Kétu.

Ilé náà lẹ́wà lóòótọ́. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń la ọ̀nà irin láti Èkó lọ sókè. Lọ́dún 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà dé Ìbàdàn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, igi ńlá sì ṣíji bo ọgbà rẹ̀. Ọ̀gá àgbà rélùwéè ló ń gbé inú rẹ̀ nígbà kan. Lẹ́yìn náà, ó di ilé ìsinmi fún àwọn òṣìṣẹ́ àgbà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹgbẹ́ Legacy 1995, tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, ló tún un ṣe lọ́dún 2010, ó sì di ilé àkójọ ohun ìtàn rélùwéè. Orúkọ Francis Jaekel, ọ̀gá rélùwéè kan tó kọ ìtàn iléeṣẹ́ náà sínú ìwé, ni wọ́n fi ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ka ibi tí tábìlì máa wà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Ìyá àgbà ṣì dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo rò pé orúnkún ló ń dùn wọ́n, mo sì na ọwọ́ sí wọn. Wọn kò gbà á.

"Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní Lókò fún ọdún mọ́kànlélógún," ni wọ́n wí. "Wọn ò gun àtẹ̀gùn ilé yìí rí."

Lókò ni àwọn ará Ẹ̀búté-Mẹ́ta ń pe ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú irin ṣe. A jókòó sábẹ́ igi, Ìyá àgbà sì sọ ìtàn kan tí ìyá wọn sọ fún wọn, tí èmi kò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ apá tó wà nínú ìwé. Lọ́dún 1945, ogun Hitler ti sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, owó òṣìṣẹ́ kò sì tó ó ná. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí ìjọba ti lé kúrò ní Èkó lọ́dún 1943, padà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Kí oṣù náà tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti àwọn iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Hubert Ògúndé fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré orí ìtàgé lọ́dún yẹn kan náà, ó pè é ní Strike and Hunger. Nínú ìwé tí mo ń kà fún ìdánwò, ìlà mẹ́ta péré ni gbogbo èyí gbà.

Nínú ìdílé wa, ìgbéyàwó ni. Bàbá Ìyá àgbà ti ṣe ìdána tán, wọ́n sì ti dá ọjọ́. Ni ìyanṣẹ́lódì bá gba owó oṣù lọ. Àwọn àna kò fẹ́ yí ọjọ́ padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkọ ìyàwó ní Lókò, tí àwọn náà kò rówó gbà, wá pinnu pé ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ yóò gbé abọ́ oúnjẹ kan wá láti ilé rẹ̀, kó sì dé e ní ìdérí. Ẹ̀bà wà níbẹ̀, ẹ̀wà wà níbẹ̀, ẹnì kan sì gbé gààrì àti ẹ̀pà wá. Wọ́n to gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jẹ ẹ́ pọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ní kí gbogbo abọ́ ní ìdérí ni pé kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó gbé gààrì wá.

Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọ̀gá lókè. Nínú ọgbà rélùwéè kan ṣoṣo, àtijọ́ méjì ló wà. Ọ̀kan wà lókè àtẹ̀gùn, èkejì wà nídìí ẹ́ńjìnì. Ìwé ẹ̀gbọ́n mi kò tíì mọ̀ ju ọ̀kan lọ.

Nígbà tí mo sọ èyí fún olùkọ́ ìtàn wa, wọ́n ní ìbéèrè Ìyá àgbà kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl dé ti di gbajúmọ̀ nílùú. Òfin ìgbéyàwó ọdún 1884 fún àwọn tó bá gbéyàwó lábẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tuntun lórí ogún, ó sì sọ pé ìyàwó kan ṣoṣo ni irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn gbajúmọ̀ wọ̀nyí ń wọ gáùn àti kóòtù bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ìròyìn sì ń ròyìn wọn. Ṣùgbọ́n láàárín wọn náà ni àwọn kan ti dìde pé orúkọ tiwa àti aṣọ tiwa ló yẹ wá. Lọ́dún 1894, àlùfáà Onítẹ̀bọmi kan, David Brown Vincent, pa orúkọ rẹ̀ dà sí Mojọlá Àgbẹ̀bí. Aṣọ Yorùbá ló ń wọ̀, kódà nígbà tó lọ sí ìlú òyìnbó.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ ayé àtijọ́ ní Èkó gbọ́dọ̀ yàn. Ṣé gáùn ọdún 1884 ni, àbí agbádá ọdún 1894? Ṣé abọ́ onídèérí ti 1945 ni, àbí èéfín títì Ìkòsì lọ́dún 1976? Gbogbo wọn ni àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i nígbà tí a lọ wo Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ láti àwọn ọdún 1880. Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́lé níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n wó ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, ilẹ̀ rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí Theo Lawson, ayàwòrán ilé, tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Wọ́n ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún. Lónìí, àwọn èèyàn ń ṣe eré, ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n nígbà náà ni pèpéle tí àwọn olórin ń dúró lé báyìí.

Mo rò pé Ìyá àgbà máa ní ká jáde kíákíá. Wọ́n wo pèpéle náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jó. Ẹni tó kú síbí kò ní ká má jó. Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wọn ibi tí wọ́n dúró sí."

Kò jìnnà síbẹ̀, nítòsí Tinúubú, ni ilé kan wà tí mo ti kà nípa rẹ̀, Ìlọ́jọ̀ Bar. Ìdílé Àgùdà kan ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, wọ́n sì ti ń ta oúnjẹ àti ọtí nínú rẹ̀ rí. Lọ́dún 1956, ìjọba kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Mo fẹ́ fi han Ìyá àgbà, ṣùgbọ́n àwòrán orí fóònù nìkan ló kù tí mo lè fi hàn wọ́n.

Níbẹ̀ ni ọkàn mi ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn tó ń fowó ṣe àríyá ayé àtijọ́ kàn ń ṣe fàájì ni. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò gba Ìlọ́jọ̀ Bar là. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ mọ́ kì í pẹ́ wó. Jaekel House ṣì dúró nítorí pé àwọn kan tún un ṣe, àwọn mìíràn sì ń lọ síbẹ̀. Bí ìyàwó tuntun bá ya àwòrán nínú ilé kan, ó ti di ilé tí ẹnì kan yóò sunkún fún bí wọ́n bá fẹ́ wó o.

Aṣọ náà fi èyí hàn. Lọ́dún 1974, Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Ó Le Kú, jáde. Lọ́dún 1997, Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù. Àwọn ọmọbìnrin inú fíìmù náà wọ ìró àti bùbá kúkúrú bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nígbà tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Kíákíá ni aṣọ náà padà sí òde, orúkọ fíìmù ni a sì fi ń pè é títí dòní: olekú. Màmá mi ní nígbà náà, àwọn ọmọge ń tú àpótí ìyá wọn, wọ́n ń béèrè ìgbà tí wọ́n rán èyí àti ibi tí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ. Fàájì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìbéèrè ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún, mo fi àwòrán ọgbọ̀n tí mo wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì han Ìyá àgbà. Wọ́n nawọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ta nìyí?" N kò mọ ẹnì kankan. Obìnrin kan nínú wọn kì í tilẹ̀ ṣe ará ilẹ̀ wa. Wọ́n ní kí n lọ gbé àpótí onírin tó wà lábẹ́ ibùsùn wọn wá.

Lábẹ́ aṣọ òkè kan tí kòkòrò ti jẹ létí, àwòrán kan wà: ọkùnrin mẹ́sàn-án níwájú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú irin. Ẹnì kẹta láti apá òsì ni bàbá Ìyá àgbà. Kò sí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ọdún. Ojú Ìyá àgbà ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà mo gbé àwòrán náà súnmọ́ gílóòbù, wọ́n sì ń fi ìka tọ́ wọn. Wọ́n rántí orúkọ èèyàn méje. Wọ́n pa ojú dé fún ìgbà pípẹ́ nítorí àwọn méjì tó kù, wọ́n wá mi orí. Mo fi pẹ́ńsù kọ méje náà sẹ́yìn àwòrán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè sọ wọ́n fún mi. Bí ẹ̀gbọ́n mi kò bá kọ Ayé Àtijọ́ sínú ìwé rẹ̀, n kò rò pé ẹnikẹ́ni ì bá ṣí àpótí náà lásìkò.

Nígbà tí a ṣírò ètò wa, Ìyá àgbà ló dá ẹjọ́ ibi tí àríyá máa wà. Wọ́n ní ìrẹsì tí wọ́n sè ní Ìkòsì kò gbọ́dọ̀ gba orí afárá kí wọ́n tó jẹ ẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á ti sọ ọ́ di tútù. A wá pín in sí méjì. Ọjọ́ kan ṣáájú, a lọ ya àwòrán ní Jaekel House. Ìyá àgbà gun àtẹ̀gùn náà. Wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé òkè, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran àwọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, a ṣe àríyá ní gbọ̀ngàn kan nítòsí CMD Road, tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí ilé àtijọ́. Gramafóònù wà níbẹ̀, kò ń ṣiṣẹ́, kò sì dun ẹnikẹ́ni. Lórí tábìlì kan láàárín gbọ̀ngàn, àwọn ẹbí to abọ́ onídèérí tí wọ́n gbé wá láti ilé. Alága ìdúró sọ ìtàn ọdún 1945 fún àwọn àlejò, wọ́n sì ṣí gbogbo abọ́ náà lẹ́ẹ̀kan.

Àwòrán àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án náà, tí a ti sọ di ńlá, wà lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ méje wà lábẹ́ rẹ̀ àti ìlà méjì tó ṣófo. Mo so bírò kan mọ́ ọn bóyá ẹnì kan lè mọ̀ wọ́n. Bàbá àgbà kan dúró níbẹ̀ pẹ́, wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló sọ orúkọ wọ̀nyí fún ọ?" Mo nawọ́ sí Ìyá àgbà, tí wọ́n wà nídìí ìkòkò, tí wọ́n ń bá alásè tuntun jiyàn nítorí iyọ̀.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ ayé àtijọ́, ẹ ṣe é, ẹ sì jó dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá àwòrán lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ ibùsùn àwọn àgbà yín, kí ẹ sì mú pẹ́ńsù dání.

Ara ògiri pálọ̀ wa ní Ìkòsì ni àwòrán náà wà báyìí. Ìlà méjì náà ṣì ṣófo, bírò náà sì ṣì wà níbẹ̀.